Ilé Là Ń Wò: Àwọ̀ Ojú, Ẹ̀jẹ̀ Àdàlù àti Ìdánimọ̀ Ọmọ Àgùdà ní Etíkun Wa

Àwọn baba ńlá Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan lélẹ̀ tí ó ti di òfin láìsí ìwé: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọn kò sọ pé awọ ara là ń wò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ pé ẹyinjú là ń wò. Ó tó àkókò láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Benin fi òfin kan múlẹ̀ tí ó ṣí ilẹ̀kùn ọmọ-onílùú sílẹ̀ fún àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tí kò sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, lè mú ẹ̀rí wá pé ẹnì kan nínú ìran òun wà lára àwọn tí a kó kọjá òkun. Ìwé ìdílé lè jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́rìí lè jẹ́ ẹ̀rí. Àyẹ̀wò DNA pẹ̀lú lè jẹ́ ẹ̀rí.

Òfin ìjọba lè sọ ènìyàn di ọmọ orílẹ̀-èdè. Kò lè sọ ọ́ di ọmọ ilé. Nínú àwọn tí ń bọ̀ láti Bahia, láti erékùṣù Martinique àti láti Amẹ́ríkà, a rí àwọn tí awọ wọn mọ́lẹ̀, tí ẹyinjú wọn sì dà bí oyin tàbí bí ewé tútù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu, àwọn ọmọdé ti ń kígbe "òyìnbó!" lé e lórí. Òun ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú ní ìlú tí ó ti wá. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó sì fi di òyìnbó ní ìlú tí ó pè ní ilé. Ta ni ó ṣi í pè nínú àwọn méjèèjì? Ìtàn etíkun yìí ní ìdáhùn, ìdáhùn náà kò sì dùn mọ́ gbogbo ènìyàn.

Ohun tí ẹyinjú lè sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Ó dára kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú fúnra rẹ̀. Apá tí ó yí ọmọlójú ká ni ó ń gbé àwọ̀ ojú. Èròjà dúdú kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin ni ó wà níbẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ojú a dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ igi. Bí ó bá kéré, ìmọ́lẹ̀ a fọ́n ká nínú ojú bí ó ti ń fọ́n ká ní sánmà, ojú náà a sì hàn ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Kò sí aró nínú ojú ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Apilẹ̀ àbùdá méjì tí wọ́n múlé gbe ara wọn, tí wọ́n ń jẹ́ OCA2 àti HERC2, ni ó ń pinnu èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọ̀ ojú. Àwọn tí ń pinnu àwọ̀ ara pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í bá ti ojú rìn pọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kéde àbájáde àyẹ̀wò egungun ọkùnrin ọdẹ kan tí a rí ní La Braña ní ilẹ̀ Spéìn, tí ó ti kú ní nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn. Àbùdá rẹ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí awọ rẹ̀ dúdú, kí ojú rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Tí ọkùnrin náà bá dìde lónìí, kò sí ọ́fíìsì kankan tí yóò mọ ìlà tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá, a máa ń bí ọmọ tí awọ rẹ̀ dúdú, tí ojú rẹ̀ sì mọ́ gaara bí omi, láìsí òyìnbó kankan nínú ìran rẹ̀. Àbùdá kan tí àwọn dókítà ń pè ní Waardenburg ló máa ń fa irú rẹ̀ nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àfín. Àwọn Yorùbá mọ àfín láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n pè é ní ẹni òrìṣà, wọ́n fi í sí abẹ́ ààbò Ọbàtálá pẹ̀lú abuké àti arọ. A ti fi ìyà jẹ àfín ní ibi púpọ̀, a kò gbọdọ̀ pa èyí mọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ pé àfín kì í ṣe ọmọ baba rẹ̀. Oríkì ilé tí a fi ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó dúdú ni a fi ń kí òun náà.

Èdè Yorùbá kò fọ́jú sí àwọ̀. Ó ń pe obìnrin kan ní adúmáadán, ó ń pe èkejì ní apọ́nbéporẹ́, ó sì ń ki ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ṣùgbọ́n oríkì ẹwà ni ìwọ̀nyí. Wọn kì í ṣe oríkì orílẹ̀. Adúmáadán àti apọ́nbéporẹ́ lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì rí ohun ìyanu nínú rẹ̀.

Òfin mẹ́ta, ààlà mẹ́ta

Ní ìlú tí wọ́n ti fi àwọ̀ ṣe òfin, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta nínú wọn, nítorí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohun tí ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ etíkun wa.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ dúdú kan ṣoṣo ti tó. Ní ọdún 1892, Homer Plessy jókòó sínú yàrá rélùwéè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Nínú àwọn òbí ìyá àti baba rẹ̀ àgbà mẹ́jọ, ẹnì kan ṣoṣo ni ó jẹ́ dúdú. Wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì dá a lẹ́bi ní 1896. Ní 1924, ìpínlẹ̀ Virginia ṣe òfin pé ẹni tí kò ní àmì ẹ̀jẹ̀ mìíràn rárá nìkan ni òyìnbó, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́. Lábẹ́ irú èrò yìí ni Walter White gbé dàgbà. A bí i ní Atlanta ní 1893. Irun rẹ̀ pọ́n bí òwú àgbàdo, ojú rẹ̀ jẹ́ búlúù, awọ rẹ̀ funfun. Ènìyàn dúdú sì ni, nínú òfin àti nínú ọkàn ara rẹ̀. Ó fi ojú búlúù náà ṣe ohun èlò: ó wọ àárín àwọn òyìnbó tí wọ́n ti pa ènìyàn dúdú láìṣẹ̀, wọ́n rò pé ara wọn ni, wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un, ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Ó ṣe olórí ẹgbẹ́ NAACP títí ó fi kú ní 1955. Àwọn tí ó jọ lójú kọ́ ni àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní Bràsíl, òfin kò fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn ènìyàn ni ó fà á. Ètò ìkànìyàn àkọ́kọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ní 1872, pín àwọn ènìyàn sí funfun, dúdú, pardo àti caboclo. Pardo ni ẹni tí kò funfun, tí kò sì dúdú tán. Caboclo ni ọmọ ìran àwọn onílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní 1976 láti fi ẹnu ara wọn dárúkọ àwọ̀ ara wọn, orúkọ tí wọ́n dá lé ní 130. Ọmọ ìyá méjì lè jókòó sí orí tábìlì kan náà, kí akọ̀wé ìkànìyàn kọ ọ̀kan sí funfun, kí ó kọ èkejì sí pardo. Ní ìkànìyàn ti 2022, àwọn pardo ló pọ̀ jù: ìdá 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá bí Walter White sí Bahia, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ọ́ sí funfun láì bi í ní ìbéèrè kejì.

Ìjọba Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń bí ọmọ fún àwọn obìnrin ìlú, wọ́n sì ń kó ẹrù wọn lọ sílé láì fi orúkọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, wọ́n gbé òfin jáde lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní métis, àwọn tí òfin kò mọ baba wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí ó sì di ọmọ Faransé bí ó bá ṣeé gbà pé ẹ̀jẹ̀ Faransé wà lára rẹ̀. Kí ni ẹ̀rí? Orúkọ tí ó ń jẹ́, ẹ̀kọ́ ilé Faransé tí ó gbà, àti ipò tí ó wà láwùjọ. Ọmọ tí ó dàgbà lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà lè di ọlọ́lá ìlú Faransé. Ọmọ baba kan náà tí ó dàgbà ní agboolé ìyá rẹ̀, tí ó ń sọ Nàgó, tí ó ń jẹ ẹ̀kọ nínú ewé, lè wà lábẹ́ òfin àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára tí ó so mọ́ ọn. Ìjọba tí ń fi ẹ̀yà yangàn fúnra rẹ̀ rí i pé awọ kò tó láti mọ ẹni tí ènìyàn ń ṣe.

Etíkun tí ènìyàn dúdú ti di òyìnbó

Ní etíkun wa, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà kẹrin. Orúkọ Àgùdà, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn so mọ́ Ajudá, orúkọ tí àwọn Pọtogí fún odi wọn ní Ouidah, kò dárúkọ àwọ̀ kankan. Ó gba àwọn Pọtogí, ó gba àwọn ará Bràsíl, ó gba àwọn ọmọ tí wọ́n bí fún obìnrin ìlú, ó sì gba àwọn ẹrú tí wọ́n gba òmìnira ní Bahia tí wọ́n sì padà wálé. Títí di òní, láàárín àwọn Yorùbá, ìjọ Àgùdà ni ìjọ Kátólíìkì. Ẹ̀sìn, aṣọ, oúnjẹ àti orúkọ ni a fi mọ Àgùdà.

Francisco Félix de Souza ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bahia ni a ti bí i. Ó wá sí Ouidah, ó ṣe òwò ẹrú, ó ran Ghezo lọ́wọ́ láti gba ìtẹ́ Dàhòmì lọ́wọ́ Adandozan ní 1818, ó sì gba oyè Chacha, èyí tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ títí di òní. Nígbà tí ó kú ní 1849, ó ti bí ọmọ púpọ̀ fún àwọn obìnrin etíkun. Àwọn ọmọ náà fẹ́ obìnrin ìlú, àwọn ọmọ ọmọ náà tún fẹ́. Láàárín ìran díẹ̀, kò sí ohun tí ó kù nínú àwọ̀ wọn tí àlejò fi lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí àwọn aládùúgbò wọn. Ṣùgbọ́n de Souza ni wọ́n. Monsinyọ Isidore de Souza, tí ó darí Àpérò Orílẹ̀-èdè ní oṣù kejì ọdún 1990, ti ìdílé yìí jáde wá. Kò sí ẹni tí ó wo ẹyinjú rẹ̀ kí ó tó mọ ilé tí ó ti wá.

Apá kejì Àgùdà ni ó pọ̀ jù: àwọn tí wọ́n padà. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn olómìnira Mùsùlùmí dìde ogun ní ìlú Salvador ní Bahia. Nàgó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀tẹ̀ náà kùnà. Ìjọba Bahia lé àwọn kan kúrò, ó sì ni àwọn tí ó ṣẹ́kù lára débi pé púpọ̀ nínú wọn fúnra wọn wá ọkọ̀ ojú omi padà sí Èkó, Àjàṣẹ́, Ouidah àti Agoué. Àwọn wọ̀nyí dúdú bí ẹnikẹ́ni nínú ìlú. Ilà ṣì wà lójú àwọn kan tí a fi mọ ìlú tí a ti kó wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wọ kóòtù, wọ́n ń jẹ oúnjẹ orí tábìlì, wọ́n ń kọ́ ilé alájà pẹ̀lú fèrèsé onígi, wọ́n ń sọ èdè Pọtogí nínú ilé. Àwọn ará ìlú wò wọ́n, wọ́n sì pè wọ́n ní òyìnbó. Ní ilẹ̀ Fọ̀n àti Gùn, yovo ni wọ́n pè wọ́n.

Ẹ ro èyí dáadáa. Ọkùnrin Nàgó kan náà jẹ́ dúdú nínú ìwé ìjọba Bahia. Ó sọdá òkun pẹ̀lú awọ kan náà àti ojú kan náà, ó sì di òyìnbó ní Ouidah. Walter White tí ojú rẹ̀ jẹ́ búlúù jẹ́ dúdú ní Atlanta. Bí ó bá jẹ́ pé ara ni ìdánimọ̀ ti ń wá, àwọn méjèèjì ìbá ní orúkọ kan náà níbi gbogbo. Ìlú ni ó ń yí orúkọ padà, kì í ṣe ara.

Ẹ̀sìn pàápàá kò fọ́ Àgùdà. Ní Àjàṣẹ́, Àgùdà Mùsùlùmí ń jẹ́ Paraïso, ó ń jẹ́ da Silva, bí Àgùdà onígbàgbọ́ ti ń jẹ́ ẹ́. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ láàárín ọdún 1912 sí 1935 jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia bí ẹni ní ìbejì ni wọ́n. Nígbà ọdún Bouriyan, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kátólíìkì ń jó nínú ìyàwó aṣọ kan náà lẹ́yìn agbójú. Ìrántí Bràsíl ni ilé wọn. Awọ kò sí nínú àdéhùn náà.

Àwọ̀ kò pín ilé, ṣùgbọ́n ẹrú àti ọmọ pín in

Ìtàn yìí ì bá dùn bí ó bá parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Ilé tí kò fi àwọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ ní ìlà mìíràn tí ó fà sínú ara rẹ̀.

Orúkọ Àgùdà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹrú tí ó gba òmìnira ní Bahia a máa gba orúkọ olówó rẹ̀. Ní etíkun, ọmọ olówó, ọmọ tí ó bí fún ẹrúbìnrin, ẹrú fúnra rẹ̀, àti ọmọ tí ó gbé lọ́wọ́ nígbà ìrìbọmi, gbogbo wọn lè jẹ́ orúkọ kan. Àpẹẹrẹ kan wà ní Agoué. Joaquim d'Almeida jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Mahi tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia. Ó gba òmìnira, ó padà, ó kọ́ ilé ìsìn kékeré kan sí Agoué. Antonio d'Almeida, ọmọ Yorùbá, padà síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Wọn kì í ṣe ìbátan. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni orúkọ ọkùnrin tí ó ti ra àwọn méjèèjì. Joaquim tí ó mọ ìtọ́wò ẹ̀wọ̀n sì di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀. A kò lè ka ìtàn Àgùdà ní òtítọ́ kí a fo ojú ìwé yìí.

Nínú agboolé, àwọn àgbà mọ ẹni tí ó wá láti inú olówó àti ẹni tí ó wá láti inú ẹrú. Wọn kì í sọ ọ́. Kì í ṣe awọ ni ó ń fi í hàn. Àwọn méjèèjì dúdú. Àyè ìjókòó ni ó ń fi í hàn, àti ẹni tí a ń pè síbi ìpàdé ogún, àti ẹni tí a kì í fi joyè. Ó máa ń hàn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó tí àwọn àgbà sì dákẹ́ láìsí ìdí. Àwọn baba sọ pé bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Wọ́n tún sọ pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Èdè wa ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ tipẹ́. Ìwà wa ni kò tíì tẹ̀ lé ìdájọ́ náà.

Ọ̀ràn yìí kan àlejò láti òkè òkun gidigidi. Nígbà tí ó bá kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Àjàṣẹ́, ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a tà. Ó ṣeé ṣe kí ilé tí ó kàn jẹ́ ti àwọn tí ó tà á. Bí ilé bá ń fi ọmọ ẹrú tirẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìn, ọ̀nà wo ni yóò gbà kí ọmọ ẹrú tí ó ti òkun dé káàbọ̀?

Kétu ní Bahia

Àwọn tí a kó lọ kò jókòó kí òfin àwọ̀ sọ wọ́n di òfo. Ní Bahia, wọ́n dá ohun tí wọ́n ń pè ní nação sílẹ̀, ìyẹn orílẹ̀: Kétu, Jeje, Angola. Níbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tí a ti kó ènìyàn ni orílẹ̀ rẹ̀. Bí àkókò ti ń lọ, tí ẹ̀jẹ̀ Kétu, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, ti àwọn onílẹ̀ Bràsíl àti ti Pọtogí ń pò pọ̀, orílẹ̀ di ohun tí ènìyàn ń wọ̀ nípa ìbọ òrìṣà. Ẹni tí a bá fá lórí ní ilé Kétu di ọmọ Kétu, kí awọ rẹ̀ dúdú, kí ó pọ́n, kí ó funfun.

Ilé kan ní Salvador ń jẹ́ Alákétu. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ilé náà sọ pé obìnrin ìdílé ọba Aro ní Kétu, tí wọ́n ń pè ní Otampê Ojarô, ni ó dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí Dàhòmì kó o ní kékeré. Aro sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé ọba márùn-ún tí ń jẹ Alákétu ní ìyípo, pẹ̀lú Alápíni, Màgbó, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù. Olga do Alaketu, tí ó kú ní 2005, jẹ́ ìyá ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fi orúkọ ìdílé náà yangàn láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Láàárín àkókò kan náà, Kétu ilé fúnra rẹ̀ ti rí ìparun: Dàhòmì fọ́ ọ ní 1886, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ìlú náà kò sì padà bọ̀ sípò títí tí Faransé fi ṣẹ́gun Abomey ní 1892. Nígbà tí odi Kétu wà ní àlàpà, orúkọ Kétu ń dún nínú ìlù ní Bahia. Kì í ṣe awọ ni ó gbé e la òkun já. Orúkọ ni, àti orin, àti ìrántí ìdílé kan.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí wà ní Kétu ilé. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí a bí ní Paris ní 1902, di babaláwo ní Kétu ní 1953, ó sì gba orúkọ Fátúmbí, Ifá tún mi bí. Ó lo ìyókù ayé rẹ̀ láàárín Bahia àti etíkun wa, ó ń ka ìwé àwọn ọkọ̀ ẹrú, ó ń so ìdílé tí òkun já pọ̀. Ó kú ní Salvador ní 1996. Àwọn àwo Kétu kò sọ pé ó di dúdú. Wọ́n sọ pé a tún un bí. Wọ́n kò sì fi í jọba. Ẹ̀kọ́ wà nínú méjèèjì: ilẹ̀kùn ilé lè gba ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Kí ni ilé yóò ṣe?

Àyẹ̀wò DNA wúlò, kò sì yẹ kí a fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹni tí ìwé olówó ẹrú kọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo, láìsí baba, láìsí ìlú, lè tipa rẹ̀ mọ̀ pé apá kan ìran òun ti agbègbè Benin àti Togo wá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ń fi àbùdá oníbèéèrè wé ti àwọn ènìyàn tí ó wà láàyè lónìí tí ó ti kó jọ, ó sì ń sọ ibi tí ìjọra ti pọ̀ jù. Kò lè sọ Aro yàtọ̀ sí Mẹ̀fù. Kò lè sọ bóyá ẹni tí a kó jẹ́ ọmọ Kétu tàbí ẹrú tí Kétu ti rà láti ibòmíràn. Kò mọ oríkì. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí bébà kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé orí ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó gbé ẹnikẹ́ni dé orí oyè tí owó ń rà.

Bí awọ kò bá tó, bí DNA kò sì tó, iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ ilé. Àwọn ẹgbẹ́ àṣà àti àwọn ààfin ní ohun mẹ́ta láti ṣe. Èkíní ni kí wọ́n kọ oríkì ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tí ó ṣì mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìlà kan nínú oríkì tí ó bá orin kan mu ní Bahia lè sọ ohun tí àyẹ̀wò kò lè sọ. Èkejì ni kí wọ́n ka ìwé ìrìbọmi tí àwọn àlùfáà Lyon, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861, àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn fi sílẹ̀, kí wọ́n sì fi wé ìrántí àwọn àgbà. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù: kí a kọ orúkọ àwọn tí wọ́n wọ ilé gẹ́gẹ́ bí ẹrú sínú ìtàn ilé pẹ̀lú, ní gbangba, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti wá bí a bá mọ̀ ọ́n. Àwọn náà kọ́ ilé. Àwọn ọmọ wọn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ibòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa wá wọn bí àwọn ará Bahia ti ń wá tiwọn.

Àlejò tí ojú rẹ̀ dà bí ewé, tí ọmọdé ń pè ní òyìnbó, kò nílò kí a sọ fún un pé ó dúdú tó tàbí pé kò dúdú tó. Ó ti gbọ́ ìyẹn láti ẹnu òfin ní ibi púpọ̀. Ohun tí ilé lè fún un tí òfin kò lè fún un ni ìbéèrè tí àwọn baba máa ń bi àlejò: ọmọ ta ni ọ́, kí sì ni wọ́n ń kì nílé yín? Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kí a dá a lóhùn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. A ti gbà á lẹ́nu àwọn ìyá rẹ̀. Ilé lè sọ ọ́ lórúkọ, bí a ti ń sọ ọmọ tuntun lórúkọ, kí ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ara rẹ̀.